Owó Orí Ilé àti Ètò Ìṣúná Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba ní Texas: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Oṣù kẹwàá ọdọọdún ni ìwé owó orí ilé máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn onílé ní ìpínlẹ̀ Texas, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni ó sì sábà máa ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n tẹ̀dó sí Houston àti àyíká rẹ̀, ní Alief, Katy, Richmond àti Missouri City, kò kéré níye, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ pé tìtorí ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ṣe ra ilé sí àdúgbò tí wọ́n wà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni a dáhùn níhìn-ín. Òfin Texas nìkan ni a gbé ìdáhùn wa lé; ẹni tí ó ń gbé ní Maryland tàbí Georgia yóò rí i pé ti ọ̀dọ̀ wọn yàtọ̀.

Kí ni ISD tí a máa ń rí lára ìwé owó orí, ta ni ó sì ń darí rẹ̀?

ISD ni ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìjọba kékeré kan, tí ó ní agbára láti gba owó orí lọ́wọ́ àwọn onílé. Wọ́n lé ní 1,000 ní Texas. Ààlà wọn kò bá ààlà ìlú tàbí ti káúńtì dọ́gba, ìdí nìyí tí àdírẹ́sì ènìyàn fi lè jẹ́ Houston, kí ó sì jẹ́ pé Alief ISD tàbí Fort Bend ISD ni ó ń sanwó fún. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tí àwọn ará àdúgbò dìbò yàn ni ó sábà máa ń darí ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ti Houston ISD jẹ́ mẹ́sàn-án. Wọn kì í gba owó oṣù. Àwọn ni wọ́n ń gba ọ̀gá àgbà ẹkùn náà síṣẹ́, àwọn ni wọ́n ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná, àwọn náà ni wọ́n sì ń pinnu iye sẹ́ǹtì tí onílé yóò san lórí $100 kọ̀ọ̀kan. Ní ti Houston ISD, ìpínlẹ̀ gba àkóso lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò yàn ní ọdún 2023, wọ́n sì fi àwọn tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ yàn rọ́pò wọn.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ orí ilé ni wọ́n ti ń gba owó ilé-ẹ̀kọ́?

Texas kì í gba owó orí lára owó oṣù ẹnikẹ́ni, àwọn olùdìbò sì ti fi èyí sínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 2019 pé a kò gbọdọ̀ gbà á. Ìwé òfin kan náà kò gba ìpínlẹ̀ láyè láti fúnra rẹ̀ gba owó orí ilé. Ohun tí ó kù ni pé kí ìpínlẹ̀ máa rí tirẹ̀ láti inú owó orí ọjà àti irú rẹ̀, kí ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ sì máa gba tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílé.

Ó máa ń ya àwọn tí wọ́n dàgbà sí ilẹ̀ wa lẹ́nu. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, àpò ìjọba ẹkùn ni owó olùkọ́ ti ń jáde. Kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá páànù ni bàbá ọmọ fi bo ilé rẹ̀ tàbí koríko. Ní Texas, iye tí ilé tó ni ìdíwọ̀n.

Ta ni ó ń pinnu iye tí ilé mi tó?

Ọwọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ yìí pín sí, ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa bá ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ jà. Àjọ adíyelé ti káúńtì ni ó ń díye lé ilé: HCAD ni ti Harris, Fort Bend náà ní tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń pinnu iye sẹ́ǹtì. Agbowó-orí káúńtì ni ó sì sábà máa ń gba owó náà, àmọ́ àwọn ẹkùn kan ní agbowó tiwọn.

Iye tí ilé náà tó ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni àjọ adíyelé máa ń lò fún gbogbo ọdún náà. Tí ẹ bá tún ilé ṣe ní oṣù kẹta, tàbí tí omi ba ilé yín jẹ́ ní oṣù karùn-ún, ọdún tí ń bọ̀ ni yóò sábà hàn nínú ìṣirò. Ìwé ìdíyelé a máa dé ní nǹkan bí oṣù kẹrin.

Ṣé mo lè tako iye tí wọ́n kọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ni gbèdéke rẹ̀, tàbí 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí yín, èyíkéyìí tí ó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Òṣìṣẹ́ àjọ adíyelé ni ẹ óò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nígbà mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀, ẹ óò dé iwájú ìgbìmọ̀ àtúnyẹ̀wò tí a ń pè ní ARB.

Tí ó bá jẹ́ iye ilé ni ẹ ń tako, ohun méjì ni ìgbìmọ̀ yìí máa ń wò: iye tí ilé náà tó, àti bóyá wọ́n díye lé tiyín ju ti àwọn ilé tí ó jọ ọ́ lọ. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé owó orí ti pọ̀ jù, pé iṣẹ́ ti dínkù, pé owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọ wà nílẹ̀, wọn yóò fara balẹ̀ gbọ́ yín, wọn kò sì ní dín kọ́bọ̀ kù. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni fọ́tò ògiri tí ó sán, ìwé iye tí akọ́lé sọ pé àtúnṣe òrùlé yóò gbà, àti iye tí wọ́n ta àwọn ilé bí tiyín ní ìtòsí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò owó náà?

Ká ní àjọ adíyelé sọ pé ilé yín tó $350,000, pé ẹ ń gbé inú rẹ̀, tí ẹ sì ti kọ̀wé béèrè ẹ̀dínwó tí gbogbo ènìyàn ń pè ní homestead. Wọn yóò yọ $140,000 kúrò, $210,000 yóò kù. Tí ìgbìmọ̀ bá fi owó orí sí dọ́là kan lórí $100 kọ̀ọ̀kan, ẹ óò san $2,100 fún ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ilé tirẹ̀ tó iye kan náà ní òdìkejì òpópónà, tí kò kọ̀wé béèrè ẹ̀dínwó, yóò san $3,500. Mo fi dọ́là kan ṣe àpẹẹrẹ kí ìṣirò lè rọrùn ni. Iye gan-an ń yí padà láti ẹkùn dé ẹkùn àti láti ọdún dé ọdún, ó sì wà lára ìwé yín.

Ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí homestead, kí ni ó sì máa ń fa ìṣòro láàárín àwọn ènìyàn wa?

Onílé tí ó ń gbé inú ilé náà gẹ́gẹ́ bí ibùgbé rẹ̀ gan-an ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ilé kan ṣoṣo sì ni. $25,000 ni wọ́n ń yọ títí di ọdún 2021. Ó di $40,000 ní 2022, $100,000 ní 2023, nígbà tí ó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí $140,000. Ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 65, tàbí tí ó ní àìlera tí òfin mọ̀, ní àfikún $60,000 lórí èyí. Yàtọ̀ sí ẹ̀dínwó yìí, homestead kò jẹ́ kí iye tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí fi ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè lọ́dún kan, bí ó ti wù kí ọjà ilé gbóná tó.

Ibi mẹ́ta ni ó ti sábà máa ń wọ́ mọ́ àwọn ènìyàn wa lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni ilé tí ó wà lórúkọ ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n ní ìwé ìgbowó (credit) tó dára, òun ni ó fi orúkọ sílẹ̀ ní báńkì, àbúrò ni ó ń gbé ilé tí ó sì ń san mọ́gééjì. Lójú òfin, ẹ̀gbọ́n ni onílé, kò sì gbé níbẹ̀. Àbúrò ń gbé níbẹ̀, kì í sì í ṣe onílé. Ẹ̀dínwó kò sí fún ẹnì kankan nínú wọn lórí ilé yẹn, bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kí ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí ìwé pé òun ń gbé níbẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìyá àti bàbá. Ìyá tí ó ti pé 72, tí a mú wá láti Ìbàdàn kí ó wá bá wa tọ́jú ọmọ, kò sọ ilé di ilé àgbàlagbà nítorí pé ó ń sùn sí yàrá kan níbẹ̀. Ọjọ́ orí onílé ni òfin ń wò.

Ẹ̀kẹta ni ìrìn-àjò. Ẹni tí ó lọ sílé fún oṣù mẹ́jọ kò pàdánù homestead rẹ̀. Òfin gbà á láyè tí kò bá tó ọdún méjì, tí ó bá ní i lọ́kàn láti padà, tí kò sì fi ibòmíràn ṣe ibùgbé. Ṣùgbọ́n tí ó bá fi ilé náà ṣe ilé àyálò kí ó tó lọ, ọ̀rọ̀ lè yí padà.

Kò pọn dandan kí ènìyàn jẹ́ ọmọ onílùú Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú lè gbà á, àdírẹ́sì tí ó wà lórí káàdì ìwakọ̀ rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ bá ti ilé náà mu. Ìwé ìbéèrè náà kò ná ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Àwọn lẹ́tà tí ó máa ń wọlé wá lẹ́yìn ríra ilé, tí wọ́n ṣe bí ẹni pé ọ̀dọ̀ ìjọba ni wọ́n ti wá, tí wọ́n sì ń béèrè owó kí wọ́n lè bá yín forúkọ sílẹ̀, ẹ jù wọ́n sí garawa ìdọ̀tí. Bí ọdún bá sì ti kọjá lórí yín, ẹ ṣì lè kọ̀wé pẹ́, òfin fàyè gba nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn.

Kí ni ìtumọ̀ M&O àti I&S?

Àpò méjì ni. M&O ni àpò iṣẹ́ ojoojúmọ́: owó oṣù olùkọ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, iná mànàmáná, ìwé. Owó oṣù ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. I&S ni àpò gbèsè, èyí tí wọ́n fi ń san bọ́ǹdì tí wọ́n ti yá láti fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Owó I&S kò ṣeé san fún olùkọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí pápá ìṣeré tuntun ní ẹkùn tí ó ń dá olùkọ́ dúró, kì í ṣe pé ẹnì kan ti fi owó olùkọ́ kọ́ pápá. Àpò méjèèjì kò so pọ̀ ni.

Iye ilé wa ti lọ sókè gan-an. Ṣé owó ilé-ẹ̀kọ́ náà kò pọ̀ sí i ni?

Ìbéèrè yìí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí, ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń ya àwọn tí wọ́n ti ń san owó orí fún ogún ọdún lẹ́nu: rárá, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Iye akẹ́kọ̀ọ́ ni òfin fi ń ṣírò owó tí ó tọ́ sí ẹkùn kan, kò fi iye ilé ṣe é. Iye ìpìlẹ̀ kan wà lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan: $5,140 ni tẹ́lẹ̀, ilé aṣòfin sọ ọ́ di $6,160 ní ọdún 2019, ó sì dúró sójú kan títí di 2025, nígbà tí wọ́n fi $55 péré kún un. Wọ́n ń fi àfikún sí i fún àwọn ọmọ tí ó nílò ìtọ́jú àkànṣe, àwọn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu, àti àwọn tí òbí wọn kò rí jájẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn yóò kọ́kọ́ wo iye tí owó orí àdúgbò mú wá, ìpínlẹ̀ yóò sì wá dí àlàfo tí ó bá kù.

Ká ní $80,000,000 ni ó tọ́ sí ẹkùn kan. Lọ́dún yìí, àwọn onílé mú $50,000,000 wá, ìpínlẹ̀ sì fi $30,000,000 kún un. Lọ́dún tí ń bọ̀, iye ilé lọ sókè, àwọn onílé mú $55,000,000 wá. Tí iye akẹ́kọ̀ọ́ kò bá yí padà, $80,000,000 náà ni yóò ṣì jẹ́, $25,000,000 ni ìpínlẹ̀ yóò san. Ẹ̀yin ni ẹ san $5,000,000 náà, ìpínlẹ̀ ni ó sinmi, ọmọ yín kò rí ìwé kan ṣoṣo sí i.

Láti ọdún 2019 ni òfin ti ń mú kí iye sẹ́ǹtì máa wálẹ̀ nígbà tí iye ilé bá ń yára gòkè, èyí tí ó dín ẹrù onílé kù díẹ̀. Síbẹ̀, ìlànà náà kò yí padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí owó ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i, Austin níbi tí àwọn aṣòfin ti ń jókòó ni kí ó kọjú sí. Kíkígbe mọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò lè yí iye ìpìlẹ̀ padà. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí wọ́n kọ èyí gàdàgbà sí ojú ìwé owó orí gan-an.

Kí ni àwọn ènìyàn ń pè ní Robin Hood?

Nígbà tí owó orí àdúgbò kan bá ju ohun tí ó tọ́ sí i lọ, òfin ní kí ó dá èyí tí ó lé padà fún ìpínlẹ̀. Ẹkùn Austin ni ó ti ń san èyí tí ó pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Houston, àwọn olùdìbò kọ̀ ọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2016. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún 2017 tí wọ́n tún dìbò, wọ́n gbà, nítorí pé bí wọn kò bá san án, ìpínlẹ̀ lè yọ àwọn ilé ńláńlá ìṣòwò kúrò lábẹ́ wọn kí ó so wọ́n mọ́ ẹkùn mìíràn.

Ohun tí ó bí òfin yìí wà ní San Antonio. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn òbí ní ẹkùn Edgewood, ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ìran wọn ti Mexico wá ń gbé, ń san $1.05 lórí $100 kọ̀ọ̀kan, $26 péré ni ó sì ń tibẹ̀ wá fún ọmọ kan. Ní Alamo Heights, ẹkùn ọlọ́rọ̀ nínú ìlú kan náà, sẹ́ǹtì 85 ni wọ́n ń san, ó sì ń mú $333 wá fún ọmọ kan. Ẹni tí ó ń san púpọ̀ jù ni ó ń rí díẹ̀ jù. Òbí kan, Demetrio Rodriguez, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá wọn lẹ́bi ní ọdún 1973, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Wọ́n padà wá sí kóòtù Texas fúnra rẹ̀, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ìpínlẹ̀ sì dá Edgewood láre ní ọdún 1989. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé aṣòfin ṣe òfin Robin Hood ní 1993. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ẹkùn tí kò lówó ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí di òní, bí àwọn tí ó ra ilé sí ẹkùn olówó tilẹ̀ ń ráhùn.

Kí ló dé tí wọ́n máa ń pè wá lórí fóònù nígbàkígbà tí ọmọ kò bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́?

Nítorí pé iye ọmọ tí ó jókòó sí kíláàsì lójoojúmọ́ ni Texas fi ń sanwó, kò fi iye orúkọ tí ó wà nínú rẹ́jísítà ṣe é. Bí ọmọ bá bá òbí lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì tí wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un, ilé-ẹ̀kọ́ pàdánù owó, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ náà ṣì ń gba owó oṣù rẹ̀.

Wọ́n ní kí a dìbò fún bọ́ǹdì. Kí ni ó yẹ kí a wò?

Láti ọdún 2019, òfin ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé ìdìbò bọ́ǹdì ilé-ẹ̀kọ́ pé owó orí ilé yóò pọ̀ sí i. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ ọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kódà nígbà tí iye sẹ́ǹtì kò bá ní yí padà nítorí pé gbèsè àtijọ́ ń parí lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí gbólóhùn yẹn nìkan dá yín dúró, ẹ má sì ṣe kọjá lórí rẹ̀. Ẹ béèrè ilé-ẹ̀kọ́ wo ni wọn yóò tún ṣe, ọdún mélòó ni gbèsè náà yóò gbà, àti bóyá iye àwọn ọmọ ní àdúgbò náà ń pọ̀ ni àbí ó ń dínkù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Houston ISD béèrè bọ́ǹdì $4.4 bílíọ̀nù, àwọn olùdìbò sì kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ̀ kò sọ pé ilé kò nílò àtúnṣe. Wọn kò fọkàn tán àwọn tí ìpínlẹ̀ yàn láti ná owó náà ni.

Onílé tí ó ti pé 65 kò ní rí àlékún bọ́ǹdì lórí ibùgbé rẹ̀, nítorí pé owó orí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti dúró sójú kan láti ọdún tí ó ti gba ẹ̀dínwó náà, àyàfi tí ó bá kọ́ yàrá kún ilé.

Ìgbà wo ni a lè sọ̀rọ̀ lórí ètò ìṣúná?

Ọdún ìṣúná àwọn ẹkùn kan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, ti àwọn mìíràn ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ìpàdé ìta gbangba, kí wọ́n sì ti kéde rẹ̀ ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Kò pọn dandan kí ènìyàn jẹ́ ọmọ onílùú kí ó tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìbò nìkan ni ó wà fún ọmọ onílùú. Oṣù kẹta àti ìkẹrin, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ ọ́, ni ọ̀rọ̀ máa ń ràn jù. Nígbà tí ó bá fi di alẹ́ ìpàdé náà, wọ́n ti sábà parí ìṣirò.

Ilé àyálò ni mo ń gbé. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn yín. Onílé yín ti ka owó orí mọ́ owó ilé, kò sì ní homestead lórí ilé tí ó fi ń pawó. Ọmọ yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà láìsan owó kankan. Bákan náà ni ọmọ tí kò tíì ní ìwé ìgbélùú: ẹjọ́ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Tyler, ní Texas yìí kan náà, ni ó fi ìdí èyí múlẹ̀ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1982.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí mo bá pẹ́ kí n tó san án?

Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ni ọjọ́ ìkẹyìn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ti gorí owó náà, ó sì ń pọ̀ lóṣooṣù títí yóò fi di 18 ní oṣù keje, nígbà tí owó lọ́yà tí ó lè tó ìdá 20 lè gùn ún. Tí báńkì bá ń gba owó orí pọ̀ mọ́ mọ́gééjì yín, àwọn ni wọn yóò san án, àmọ́ ẹ wò ó ní oṣù kejìlá bóyá wọ́n ti san án lóòótọ́, pàápàá tí wọ́n bá ti ta mọ́gééjì yín fún báńkì mìíràn láàárín ọdún. Onílé tí ó ti pé 65 lè san tirẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó sì lè kọ̀wé sí àjọ adíyelé kí wọ́n dá gbígbà rẹ̀ dúró níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń gbé ilé náà. Èlé ìdá 5 lọ́dún ni yóò máa gorí rẹ̀, àwọn tí ó bá jogún ilé náà ni yóò sì san gbogbo rẹ̀.